Ẹ Gbé Ẹni Tó Ṣèṣe Lọ Sọ́dọ̀ Dókítà Kí Ẹ Tó Wá Pe Ààfáà

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò rọrùn lẹ́nu mi, nítorí pé ara mi ni n óò fi bẹ̀rẹ̀.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá báyìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí í ṣe alábàárù ní Ìdúmọ̀tà. Ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ ni, kì í fi ìrun Àlàásárì ṣeré. Ní ọjọ́ kan, bí wọ́n ti ń já ẹrù aṣọ láti orí lọ́rì, ó yọ̀ ṣubú, orí rẹ̀ sì lu etí gọ́tà. Ó dákú díẹ̀, ó jí, ó dìde, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ojú ọgbẹ́ náà kò tóbi. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbé e lọ sí ọsibítù, bẹ́ẹ̀ ni Ọsibítù Gẹ́nẹ́rà Ọ̀dàn kò jìnnà sí wọn. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n mú un wá, nítorí pé ilé mi ló súnmọ́ wọn jù, àti nítorí pé wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé mi. Èmi náà kò sọ fún wọn pé kí wọ́n máa gbé e lọ. Mo mú un jókòó lórí ẹní mi, mo ka ohun tí mo mọ̀ ọ́n kà sí i lórí, mo fọ hàńtú fún un mu, mo sì ní kí ó lọ sùn, pé bí ilẹ̀ bá mọ́ ara yóò ti fúyẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó na owó sí mi, n kò gbà á. Kí a tó pe ìrun Àsùbáà ni wọ́n kan ìlẹ̀kùn mi. Wọ́n ní ó ń hanrun kíkankíkan, àwọn kò sì lè jí i. Kí wọ́n tó rí mọ́tò, ó ti kú.

A sin ín kí oòrùn tó mú. Mo wàásù níbẹ̀ pé olúkúlùkù ló ní àkókò tirẹ̀, gbogbo ènìyàn sì ṣe àmín. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni mo bá dókítà kan tí í ṣe Mùsùlùmí pàdé níbi ìso yìgì, mo sì ròyìn ọ̀ràn náà fún un bí ẹni ń pìtàn. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní nígbà mìíràn, bí orí bá lu ohun líle, iṣan ẹ̀jẹ̀ kan lè já láàárín agbárí àti ọpọlọ. Ẹni náà yóò dìde, yóò sọ̀rọ̀, yóò jẹun pàápàá, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ń jọ síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń tẹ ọpọlọ mọ́lẹ̀, títí ẹni náà yóò fi sùn tí kò ní jí mọ́. Ó ní bí wọ́n bá tètè gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ abẹ, wọn a máa lu agbárí náà, wọn a fa ẹ̀jẹ̀ tó jọ jáde, ọ̀pọ̀ a sì yè. Dókítà náà kò sọ pé èmi ni mo pa á, ọmọlúwàbí ni. Ṣùgbọ́n n kò lè sùn ní òru ọjọ́ náà, nítorí pé Hádíìsì kan tí mo ti kọ́ láti kékeré nílé kéú wá sí mi lọ́kàn.

Hádíìsì náà wà nínú ìwé Abú Dáwúdù, Jábírù ló gbà á wá. Àwọn Sàhábà kan ń rin ìrìn-àjò, òkúta sì bá ọ̀kan nínú wọn, ó dá ọgbẹ́ sí i lórí. Nígbà tó sùn, ó lá àlá tó sọ ìwẹ̀ di dandan fún un. Ó bi àwọn tí wọ́n jọ ń lọ bóyá òun lè fi ilẹ̀ ṣe tàyámọ́mù nítorí ọgbẹ́ orí òun. Wọ́n ní rárá, níwọ̀n ìgbà tí omi wà. Ó wẹ̀, ó sì kú. Nígbà tí ìròyìn dé ọ̀dọ̀ Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, inú bí i gidigidi. Ó ní àwọn ni wọ́n pa á, ó sì bèèrè ìdí tí wọn kò fi wádìí nígbà tí wọn kò mọ̀, nítorí pé ìbéèrè ni oògùn àìmọ̀.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, ẹ̀yin ará mi. Àwọn tó dá ọkùnrin náà lóhùn kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀. Sàhábà ni wọ́n, ẹ̀sìn ni wọ́n sì rò pé àwọn ń gbèjà. Wọn kò gbé idà, wọn kò sọ òkò, ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi rán an lọ sọ́run. Ànábì, tí kò sí ẹni tó mọ ọ̀ràn kádàrá jù ú lọ, kò sì fi kádàrá bo ọ̀ràn náà mọ́lẹ̀ fún wọn. Láti ìgbà náà ni mo ti pinnu pé bí wọ́n bá gbé ẹni tó ṣèṣe wá sọ́dọ̀ mi, n kò ní jẹ́ kí ó kọjá ìloro. N óò wọ bàtà mi, n óò bá wọn lọ sí ọsibítù. Bí àdúà bá wà láti ṣe, inú mọ́tò ni n óò ti ṣe é.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní ọjọ́ ikú kì í yẹ̀, pé ẹni tí yóò kú yóò kú lọ́wọ́ dókítà, ẹni tí yóò yè yóò yè lórí ẹní ààfáà. Irú ìbéèrè yìí ni Abú Ubáídà, ẹni ńlá nínú àwọn Sàhábà, bi Sàídínà Úmárù nígbà tí Úmárù ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù, tí ó gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, tí ó sì pàṣẹ kí àwọn ènìyàn òun padà. Abú Ubáídà ní ṣé kádàrá Ọlọ́run ni ó fẹ́ sá fún. Úmárù ní bẹ́ẹ̀ ni, inú kádàrá Ọlọ́run ni òun ti ń sá bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́run. Ó wá fi ràkúnmí ṣe àpèjúwe: bí ẹnì kan bá da ràkúnmí rẹ̀ dé àfonífojì kan, tí apá kan tutù yọ̀yọ̀, tí apá kejì gbẹ, ibi yòówù tó bá dà wọ́n lọ láti jẹ, kádàrá ni. Ṣùgbọ́n darandaran wo ni yóò torí pé kádàrá ni da ẹran rẹ̀ lọ síbi gbígbẹ? Láti Ìdúmọ̀tà dé Ọ̀dàn, kádàrá ni. Láti Ìdúmọ̀tà dé orí ẹní mi, kádàrá náà ni. Èmi ni mo yan ibi gbígbẹ fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ànábì fúnra rẹ̀ ṣèṣe rí. Ní ọjọ́ ogun Úhúdù, ní ọdún kẹta Híjírà, eyín rẹ̀ ṣẹ́, ojú rẹ̀ sì bẹ́jẹ̀. Sàídínà Àlí ń fi apata bu omi wá, Fátímà ọmọ rẹ̀ sì ń fọ ẹ̀jẹ̀ náà. Nígbà tí Fátímà rí i pé bí omi ti ń dà ni ẹ̀jẹ̀ ń pọ̀ sí i, ó jó ẹní kan, ó fi eérú rẹ̀ lẹ ojú ọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì dá. (N kò sọ pé kí ẹ máa fi eérú sí ojú ọgbẹ́ lónìí o! Ohun tó dára jù tí wọ́n mọ̀ nígbà náà ni wọ́n lò. Ohun tó dára jù tí àwa mọ̀ nígbà tiwa ni kí á lò.) Nígbà ogun Kòtò ńkọ́, tí ọfà bá Sáàdì ọmọ Muáàsì ní iṣan apá? Àgọ́ kan tí wọ́n pa sínú mọ́sáláṣí ni Ànábì ní kí wọ́n gbé e sí, níbi tí obìnrin kan tí ń jẹ́ Rufáídà ti ń tọ́jú àwọn tó gbọgbẹ́. Inú mọ́sáláṣí ni o. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé ọ̀ràn ọgbẹ́ àti bándéèjì kò kan mọ́sáláṣí, ẹ bi í pé mọ́sáláṣí ta ni ó ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ara wa. Kò sí àwọn tó ń tètè sin òkú bí àwa Mùsùlùmí Ìsàlẹ̀ Èkó. Bí ẹnì kan bá kú ní àárọ̀, kí a tó kírun Àìlà, aṣọ funfun ti dé, ẹni tí yóò wẹ òkú ti dé, àga tí a fi ń gbé òkú wà nílẹ̀, mọ́tò wà nílẹ̀, àwọn tó ń gbẹ́ sàréè ti wà lẹ́nu iṣẹ́, owó sì ti jọ. Kò sí ẹni tí í béèrè pé ta ni yóò sanwó kí a tó gbé òkú. Ohun tó dára ni, Súnnà ni. Ṣùgbọ́n bí ẹni kan náà bá wà láàyè ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, tí ó dùbúlẹ̀ lábẹ́ afárá tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, a ó dúró. A ó ní kí wọ́n lọ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá láti Àgége. A ó béèrè pé ọmọ ta ni. Ẹnì kan á ní kí a má fọwọ́ kàn án kí ọlọ́pàá tó dé, ẹnì kejì á máa bu omi sí i lẹ́nu, ẹnì kẹta á yọ fóònù láti ya àwòrán rẹ̀. Mo ti rí mọ́sáláṣí tó ní mọ́tò òkú. N kò tíì rí èyí tó ní ibùsùn kan tí a lè fi gbé alààyè tó ṣèṣe. Ìgbà tí alààyè bá ti di òkú ni a ń yára.

Bẹ́ẹ̀ àkókò ni gbogbo ọ̀ràn náà. Ẹ̀jẹ̀ tó ń tú láti iṣan ńlá lè pa àgbàlagbà kí ààfáà tó ka Súrátù Yáásínì parí. Ohun tó lè dá a dúró kò sì ju pé kí ẹnì kan fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ibẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, kí ó má sì máa ṣí i wò títí wọn yóò fi dé ọ̀dọ̀ dókítà. Kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe kẹrosíìnì, kì í ṣe iyanrìn. Bí irin tàbí igi bá gún ènìyàn tí ó sì há sí i lára, ẹ má fà á yọ, nítorí pé irin náà lè jẹ́ ìdérí tó ń di ẹ̀jẹ̀ mú. Ẹni tó já láti orí ilé tí wọ́n ń kọ́, tó ní ọrùn tàbí ẹ̀yìn ń dun òun, ẹ má ká a bí ẹní sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ẹ wá pákó gbọọrọ, kí ènìyàn mẹ́rin gbé e lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnì kan di orí rẹ̀ mú kí ó má baà yí. Ẹni tí iná jó, omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ máa dà sí i fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ má fi ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín kùn ún. Ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́, ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu, nítorí omi náà lè gba ọ̀nà èémí. Ìṣó tó ti dípẹtà tó gún ẹsẹ̀ ọmọ yín, bí ihò rẹ̀ kò tilẹ̀ ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ẹ mú un lọ gba abẹ́rẹ́ ní ọjọ́ náà gan-an, kí àrùn tí í mú ẹnu há tí í mú ara le gan-an bí igi má baà tẹ̀lé e. Àti ẹni tó lu orí, tí ó dákú bí ó ti wù kí ó kéré mọ, tàbí tí ó ń bì, tàbí tí oorun ń kùn ju bó ti yẹ lọ, ẹ má jẹ́ kí ó lọ sùn nílé. Ẹ rántí alábàárù mi.

N óò fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa àwọn bàbá tó ń to eegun. N kò bú wọn, ọ̀rẹ́ mi wà nínú wọn. Owó ló ń lé ènìyàn lọ sọ́dọ̀ wọn, àti ẹ̀rù pé bí a bá dé ọsibítù, wọn yóò gé ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà ilẹ̀ wa ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé púpọ̀ nínú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tí àwọn ń gé, pàápàá ti ọmọdé, ó ti kọ́kọ́ lọ ibòmíràn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn. Wọ́n ti fi igi dì í le jù, ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́, ara tí ẹ̀jẹ̀ kò bá sì dé fún bí wákàtí mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ sí kú. Bí ẹ bá rí i pé ìka ọmọ tí wọ́n dì tutù, tàbí ó ń dúdú, tàbí ọmọ náà ń ké láìdákẹ́, ẹ má sọ pé oògùn ló ń jà. Ẹ tú u lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì máa gbé e lọ. Ọsibítù eegun tó wà ní Ìgbóbì, ìtọ́jú àwọn sójà tó ṣèṣe nínú ogun Hitler ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń to eegun níbẹ̀, wọ́n sì ní ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán eegun láti inú kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ìtá Fájì kò tíì kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni nínú wa. Ní ọjọ́ Àlàrùba, 13 Oṣù Kẹta, 2019, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí ilé-ìwé àwọn ọmọdé wà ní òkè rẹ̀ wó lulẹ̀. Nǹkan bí ogún ènìyàn ló kú, àwọn ọmọdé wà nínú wọn; wọ́n fa àwọn tó lé ní ogójì yọ láàyè. Àwọn tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ kì í ṣe ìjọba, àwọn ọmọ àdúgbò ni, tí wọ́n fi ọwọ́ lásán wa búlọ́ọ̀kù. Ọlọ́run yóò san wọ́n lẹ́san. Ṣùgbọ́n èrò pọ̀ jọ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀nà fi há mọ́ àwọn tó ń gbé ọmọ jáde. Ẹni tí kò ní ọkọ́ lọ́wọ́, tí kò ní ọmọ níbẹ̀, kí ló dúró ṣe? Wíwò ni.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà híhá yìí kàn yín, ẹ̀yin ìyá wa ọlọ́jà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú sí mi. Láti 2001 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti dá iṣẹ́ mọ́tò áńbúláǹsì sílẹ̀. Nọ́ńbà 767 tàbí 112 ni a ń tẹ̀, kò sì gba kọ́bọ̀ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n áńbúláǹsì kò ní ìyẹ́. Ẹ wo òpópónà Nnamdi Azikiwe ní ọjọ́ tó ku ọ̀sẹ̀ kan sí Iléyá, kí ẹ sì sọ fún mi ibi tí yóò gbà kọjá. Àtẹ ní ọ̀tún, àtẹ ní òsì, agbòòrùn láàárín, bárò ní ìdábùú. Mo mọ̀ pé àtẹ náà ni oúnjẹ ọmọ yín, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò rí ṣọ́ọ̀bù rẹ́ǹtì. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ní ẹ̀tọ́ nínú ẹ̀sìn wa, débi pé mímú ohun ìpalára kúrò lójú ọ̀nà wà lára ẹ̀ka ìgbàgbọ́. Bí ẹgbẹ́ ọlọ́jà bá fa ìlà kan tí kò sí ẹni tó gbọdọ̀ pàtẹ kọjá rẹ̀, tí ó fẹ̀ tó mọ́tò kan, kò sí ẹni tí yóò kú nítorí ebi rẹ̀. N kò mọ ìyá tí yóò fẹ́ kó jẹ́ àtẹ tòun ni mọ́tò dúró dè nígbà tó ń bọ̀ wá gbé ọmọ òun.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé bí a bá ti dé ọsibítù, ọ̀ràn ti parí. Ní ọjọ́ Àtàláátà, 1 Oṣù Kẹjọ, 2023, ní ilé tí àwọn dókítà ń gbé nínú ọgbà Ọsibítù Gẹ́nẹ́rà Ọ̀dàn gan-an, ẹ̀rọ tí í gbé ènìyàn gòkè sọ̀kalẹ̀ nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì já, dókítà ọ̀dọ́bìnrin kan sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí ó parí ọdún ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé ó tó ogójì ìṣẹ́jú kí wọ́n tó lè yọ ọ́ jáde, wọ́n sì sọ pé nígbà tí wọ́n yọ ọ́ tán, kò sí ẹ̀jẹ̀ nítòsí tí wọn yóò tètè fà sí i lára. Ó kú. Gómìnà Babajide Sanwo-Olu dá olórí ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó àwọn dúkìá ìjọba dúró lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ní kí wọ́n wádìí. Ìyẹn jẹ́ ọ̀ràn ìjọba. Apá tó kan àwa ni ti ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kì í ti ilé-iṣẹ́ kankan wá, kì í sì ti òkè òkun wá. Láti ara ènìyàn ló ti ń wá. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn wa ti gbà pé ó tọ́ kí Mùsùlùmí fún ẹni tó wà nínú ewu ní ẹ̀jẹ̀, bí kò bá ti pa ẹni tó fún un lára, tí kò sì tà á. Èyí tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan kò tó ìdajì lítà, ara yóò sì tún òmíràn ṣe. Ẹgbẹ́ àsàlátù tó ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn, tí mẹ́wàá bá ń lọ ní oṣù kọ̀ọ̀kan, kò ní sí oṣù tí ẹ̀jẹ̀ Mùsùlùmí kò ní sí nínú fíríìjì ọsibítù.

Ọ̀ràn ọlọ́pàá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú yín gbà pé bí ẹ bá gbé ẹni tí mọ́tò gbá lọ sí ọsibítù, wọn yóò ní kí ẹ lọ gba ìwé wá ní àgọ́ ọlọ́pàá kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, wọn yóò sì tì yín mọ́lé bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ gbá a. N kò ní sọ pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ojú èmi náà ti rí i ní ọsibítù kan tí n kò ní dárúkọ: wọ́n dá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà fún bí ìdajì wákàtí lórí owó ìforúkọsílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ìyá àgbà tí a gbé lọ sì ń kán sílẹ̀ láti orí ìjókòó mọ́tò. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ ti rú òfin. Òfin Ìlera ti gbogbo Nàìjíríà, tí wọ́n ṣe ní 2014, sọ ní ìpín 20 pé kò sí ọsibítù, ìbáà ṣe ti ìjọba tàbí ti aládàáni, tó gbọdọ̀ kọ ẹni tó wà nínú pàjáwìrì, ohunkóhun tí ì báà jẹ́ ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀, ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì, ló wà fún un. Ní ti ẹni tí ìbọn bà, òfin mìíràn wà láti 2017: kí ọsibítù gbà á, ìwé ọlọ́pàá wà tàbí kò sí. Ọsibítù fúnra rẹ̀ ni yóò fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí méjì tí ìtọ́jú bá ti bẹ̀rẹ̀. Òfin náà ní kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ràn án lọ́wọ́, kí wọ́n má fi ìbéèrè tí kò yẹ yọ ọ́ lẹ́nu. Àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá pàápàá ti kéde ní ìgbà púpọ̀ pé kí ọsibítù kọ́kọ́ tọ́jú ènìyàn ná. Bí wọ́n bá dá yín dúró, ẹ má bú nọ́ọ̀sì, ẹ má fọ́ nǹkan. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé ẹ mọ ìpín 20, kí ẹ sì béèrè orúkọ dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo ti dán an wò. Ó ṣiṣẹ́ ju ariwo lọ.

Owó ló wá kù, owó sì ni òkúta tó wà nínú ìrẹsì. Òfin lè mú kí wọ́n gbà yín wọlé, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ìwé owó yóò dé. Ìjọba Èkó ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Ìlera Èkó, òfin rẹ̀ ti wà láti 2015, Gómìnà sì fi àṣẹ sọ ọ́ di dandan ní Oṣù Keje, 2024. Ẹ̀yin ọlọ́jà mọ àjọ. Bí àjọ ló rí, àfi pé ẹni tó bá ṣàìsàn tàbí tó ṣèṣe ni yóò kó o. Àwa tí a lè dá owó aṣọ ẹbí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì kò lè sọ pé èyí kọjá agbára wa. Ẹ má sì gbàgbé sàká. Àwọn mẹ́jọ tí Ọlọ́run kà sílẹ̀ nínú Súrátù Táóbà, aláìní wà nínú wọn, ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn náà wà nínú wọn. Alábàárù tí wọ́n dá dúró ní ọsibítù nítorí owó iṣẹ́ abẹ, bí kì í bá ṣe ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì, ta ni?

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ síwájú ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí àdúgbò wa. Mo dábàá pé kí a mú díẹ̀ nínú owó ìsìnkú, kí a fi ra ibùsùn ìgbé-aláìsàn kan àti bándéèjì, kí ìyókù sì wà nílẹ̀ de ẹni tó bá ṣèṣe. Bàbá kan tó mọ ìwé jù mí lọ ní kò tọ́, pé owó tí ẹlẹ́bùn ti sọ ìdí rẹ̀, ìdí náà ni a gbọdọ̀ ná an sí. A jiyàn títí di Ìṣáì. Nígbẹ̀yìn mo gbà fún un, nítorí òdodo ló sọ. A wá gbé àpótí mìíràn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìsìnkú, a kọ Ti Ẹni Tó Ṣèṣe sí i lára pẹ̀lú ọ̀dà pupa. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ti ìsìnkú kún bí ìṣe rẹ̀. Ohun tó wà nínú tuntun náà kò tó ra bándéèjì méjì. Bàbá tó bá mi jiyàn ló fi èyí tó pọ̀ jù síbẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ́ tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́, lẹ́yìn ìrun, nọ́ọ̀sì kan tí í ṣe ọmọ jámáà wa yóò fi hàn wá bí a ṣe ń tẹ ojú ọgbẹ́ àti bí a ṣe ń gbé ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Ọ̀fẹ́ ni. Kí àwọn awakọ̀ kẹ̀kẹ́ wá, kí àwọn alábàárù Ìdúmọ̀tà wá ní pàtàkì, mo ti bá àwọn olórí wọn sọ̀rọ̀. Kí olúkúlùkù mú aṣọ mímọ́ kan lọ́wọ́. Àwọn obìnrin yóò jókòó ní apá òsì, a ó sì parí kí Àlàásárì tó dé.